Èmi Tí Mo Sin Ọmọ Wá

Orúnkún ọmọ mi ló gbé wa dé ilé yìí
ní Òkè-Àró, lókè ṣọ́ọ̀bù alọta.
Morádéyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
agbábọ́ọ̀lù tí í sáré bí ẹni tí òjò ń lé,
ó yí padà lórí pápá, ẹsẹ̀ kò bá a yí.
A gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí a jókòó sí,
bí igi ìdáná tó gbẹ.
Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kò kàn án,
ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà, kó tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ìyáàfin Akínkúotú ni físíò tó gbà á.
Obìnrin kúkurú, ọwọ́ líle, ohùn pẹ̀lẹ́.
Ó so róbà pupa mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ,
ó ní, "Fà á. Díẹ̀ sí i. Má sunkún, kà á."
Ọmọ ń kà, omijé ń bá a kà.
Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbá báàgì mọ́ra,
mo ń ṣe ìyá.

Ọyẹ́ ọdún yìí kò mọ àgbà.
Eruku gba ojú fèrèsé wọlé, ó wọ̀ mí lọ́fun.
Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
mo sì yára fi itan lé itan
bí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá,
láti ìgbà tí mo ti bí Olúgbùyì,
ọmọ tó wọn kìló mẹ́rin ààbọ̀,
tó jáde bí ẹni tó gbé ilẹ̀kùn lọ.

Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan.
Ó wo itan mi, ó wo ojú mi.
Ó gbé omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín lé orúnkún ọmọ,
ó wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Mọ̀mọ́, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Àdìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Ta ni mo sọ fún rí?
Pé aṣọ tí mo ṣẹ́po sí mẹ́rin ni mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì,
pé síkẹ́ẹ̀tì dúdú nìkan ni mò ń rán,
pé bí àwọn ọmọ Píráímárì Kejì bá ń fo okùn
tí wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ wá fò," bàtà á máa dùn mí;
pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí orin bá ti gbóná,
mo máa ń rántí pé mo gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò
tí n kò ní.
Mo rò pé owó orí ọmọ bíbí ni.
Ìyá mi san tirẹ̀, kò béèrè rìsíìtì.

"Iṣan ni," ni ó wí, "bíi ti orúnkún ọmọ yín.
Ó nà, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe máa padà."
Èmi olùkọ́ ọdún méjìlélógún,
ikọ́ ló wá kọ́ mi.

Ó ní kí n fà á sókè láti inú,
bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró,
bí ẹni ń dá ìsó dúró láàárín àna;
kí n má sé èémí, kí n kà dé márùn-ún,
kí n tú u sílẹ̀ pátápátá.
Títú náà, iṣẹ́ ni.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú mi nìkan ló ń fún.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ni gbogbo wa fi ń bẹ̀rẹ̀.

Báyìí, nínú kẹ̀kẹ́ láti Òkè-Àró dé Ọjà Ọba,
mò ń fà, mò ń tú.
Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ owó epo,
mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o." Mẹ́ta. Mẹ́rin.

Kò tíì tán. Mo sín lánàá.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé tó fún mi:
Ọ̀sẹ̀ keje. Ẹ̀kán kan péré.

Lálẹ́, iná ti lọ,
Morádéyọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ẹní, ó ń kà.
Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo ká orúnkún mi méjèèjì.
"Màámi, kí lẹ̀yin ń kà?"
Mo ní kó jẹ́ n dé márùn-ún ná.